Mo Rí Nǹkan Fìrí

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń ju owó àgọ́ sínú agolo mílíìkì.
Àrìnpé ní kí n kó o, kí n fi ra ẹ̀rọ ìfọṣọ.
Mo ní aṣọ yóò máa dọ̀tí títí ayé,
erin ò ní dúró dè wá títí ayé.

Ló bá di ọjọ́ Jímọ̀. A kúrò ní Ìjọ̀kà kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà,
èmi nídìí ọkọ̀, Kòrólà àtijọ́
tó máa ń wúkọ́ bó bá ti fojú kan òkè.
Mi ò gba dẹ́rẹ́bà.
Ẹni tó ń lọ wo nǹkan, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni kó fi tẹ bíréèkì.
Ọlápósí wà lẹ́yìn, ìwé àwòrán ẹranko lórí orúnkún,
ó ní ṣé kìnnìún wà ní Ìdànrè?
Mo ní kò sí.
Ìnàkí ńkọ́? Mo ní bóyá.
Erin ńkọ́?
Mo tẹná.

Nígbà tí àwọn òkè yọ sí wa nínú ìrì,
wọ́n dà bí agbo ẹran ńlá tó kúnlẹ̀ mumi tí kò dìde mọ́.
Ọmọ náà pariwo, "Àwọn nìyẹn!"
A rẹ́rìn-ín títí mo fi fẹ́ẹ̀ kó sí kòtò.

Lẹ́yìn Àlàdé, ọ̀dà tán.
Kòkó. Kòkó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kòkó.
Ọkọ̀ gẹdú ń pàdé wa, ó ru igi tó ti géńdé kí wọ́n tó bí bàbá mi,
ìdí igi yọ síta lẹ́yìn ọkọ̀
bí ẹsẹ̀ òkú tí pósí kò gbà.
Mo ka mọ́kànlá. Àrìnpé ní kí n máa wo ọ̀nà.

Ẹ̀ṣọ́ igbó, Ọ̀gbẹ́ni Akíndójútimi, ń dúró dè wá létí odò,
pẹ̀lú bàtà òjò, àdá kan, àti fìlà tí àwòrán erin ara rẹ̀ ti ṣá.
Ó fi ihò kan hàn wá nínú ẹrẹ̀. Ó fẹ̀ tó ẹnu odó,
omi dúró nínú rẹ̀, ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀.
"Kì í ṣe tàná," ó ní. "Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta."
Ọlápósí bọ́ bàtà, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹsẹ̀ erin,
ó dúró síbẹ̀, kò sọ̀rọ̀.

A pàgọ́. A jẹ àsun tútù àti búrẹ́dì.
Ọ̀fàfà ń ké lórí igi bí ẹni tí wọ́n jà lólè,
Àrìnpé di ọwọ́ mi mú,
ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti ra àgọ́.

Àárín òru ni ẹ̀ka kan dá. Pọ̀ọ́.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì.

Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí,
bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin.
Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà: erin ìgbà tiyín pọ̀,
ó ń fa ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín tu, ó ń dí yín lọ́nà odò.
Tèmi ò ju fìrí lọ.
Dúdú kan nínú òkùnkùn.
Èémí kan tó gùn ju èémí mi.
Ó lè jẹ́ àpáta. Ó lè jẹ́ oorun ojú mi.
Ewé mì, ewé dúró,
ọmọ ń hanrun.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Akíndójútimi wo ẹ̀ka tó dá,
ó wo ojú mi,
ó ní ká jẹ́ ká tètè máa lọ kí òjò tó ba ọ̀nà jẹ́.

Ọjọ́ Ajé, Àrìnpé ń fọwọ́ fọ aṣọ ẹlẹ́rẹ̀ wa lẹ́yìnkùlé.
Aládùúgbò na ọrùn lórí ògiri:
"Ìyá Ọlápósí, ẹ rí erin?"
Mo dúró lẹ́nu fèrèsé. Mo gbọ́ omi,
mo gbọ́ ọṣẹ.
"A rí ibi tó tẹ̀," ló wí.